SMASH ti Pet Shop Boys: orin 55 láti 1985 dé 2020, ó sì tó owó ẹ̀

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo ń lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn orin ijó tí wọ́n fi kíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ ìlù ṣe, irú èyí tó gbòde kan láyé 1980 sí 1989, àkójọ Pet Shop Boys, àwọn ọkùnrin olórin méjì láti Ìlú Ọba, tí wọ́n pè ní SMASH yìí tó ohun téèyàn ń fowó rà. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ló jáde, orin 55 ló wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ orin tí wọ́n gbé jáde ní síńgùlù, ìyẹn orin kan tí wọ́n tà lọ́tọ̀, láti 1985 títí dé 2020, wọ́n sì tò ó bó ṣe jáde, ọdún lé ọdún. Síídì mẹ́ta lèmi rà. Èyí tó jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá wà, mẹ́fà ló wà nínú páálí ẹ̀, òmíràn sì wà tí wọ́n fi Blu-ray méjì kún un kéèyàn lè wo fídíò wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ nǹkan yìí gan-an ni bí wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n ti ṣe àkójọ sẹ́yìn o, Discography jáde ní 1991, PopArt jáde ní 2003. PopArt yẹn dáa, mi ò ní bú u, àmọ́ wọ́n pín in sọ́nà méjì, Pop lọ́tọ̀, Art lọ́tọ̀, ọdún ò tẹ̀lé ara wọn rárá, tóo bá ń gbọ́ ọ o ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń gòkè ni àbí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Nínú SMASH, bóo bá ti tẹ̀ ẹ́ láti orin àkọ́kọ́ tóo sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ, etí ẹ lo máa fi gbọ́ bí ọkùnrin méjì ṣe ń dàgbà nídìí iṣẹ́ kan náà fún ọdún márùndínlógójì. Ẹgbẹ́ mélòó ló ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún nínú àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀? Yazoo túká ní 1983, Soft Cell túká ní 1984. Depeche Mode àti Erasure ló kù téèyàn lè fi wọ́n wé.

Àwọn méjì péré náà ni wọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Neil Tennant ló ń kọrin, Chris Lowe ló wà nídìí kíbọ́ọ̀dù. Oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni wọ́n pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan abánáṣiṣẹ́ ní King's Road ní Lọ́ńdọ̀nù, Neil ti ra synthesizer Korg kan, irú kíbọ́ọ̀dù abánáṣiṣẹ́ tó ń mú oríṣiríṣi ohùn jáde, ó wá ń wá wáyà tó máa lò fún un, ni òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ orin, àfi bí wọ́n ṣe rí i pé ohun kan náà làwọn méjèèjì fẹ́ràn, dísíkò. Ọmọ Blackpool ni Chris, iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ló ń kọ́ ní Yunifásítì Liverpool. Neil wá láti apá Newcastle, ó ti pé ọmọ ọdún 27, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó di oníròyìn ní ìwé ìròyìn orin tó ń jẹ́ Smash Hits. Orúkọ ẹgbẹ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwọn ẹran tí òyìnbó ń sìn nínú ilé, ní Ealing, ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

Iṣẹ́ oníròyìn yẹn ló wá ṣí ilẹ̀kùn. Ní 1983 ìwé ìròyìn yẹn rán Neil lọ sí New York kó lọ fọ̀rọ̀ wá ẹgbẹ́ olórin The Police lẹ́nu wò, ó ní tí mo bá ti débẹ̀ àfi kí n wá Bobby Orlando rí, torí rẹ́kọ́ọ̀dù ijó tí ọkùnrin yìí ń ṣe ni òun àti Chris ń gbọ́ tọ̀sán-tòru. Wọ́n jọ jẹun ọ̀sán, Neil sọ fún un pé àwọn náà ń kọ orin, Bobby sì ní kí wọ́n jẹ́ káwọn ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí West End Girls àkọ́kọ́ ṣe wáyé nìyẹn, ó jáde ní oṣù kẹrin 1984, àwọn kílọ́ọ̀bù ní Los Angeles àti San Francisco gbà á dáadáa, àmọ́ ní Ìlú Ọba, kò ta. Kí wọ́n tó lè kúrò lọ́wọ́ Bobby wọ́n ní láti gbà pé nínú owó tó bá wọlé fáwọn lọ́jọ́ iwájú, tiẹ̀ á máa wà níbẹ̀. Wọ́n gbà. Parlophone, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, wá mú wọn, wọ́n fi wọ́n sọ́wọ́ Stephen Hague tó ń darí bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò, wọ́n tún orin kan náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Orin yẹn ló ṣí síídì àkọ́kọ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi íàfóònù gbọ́ ọ o. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ariwo títì, bàtà ẹni tó ń rìn lọ, kí kíbọ́ọ̀dù tó rọra tàn kálẹ̀ bí ìkùukùu, báàsì á wá wọlé, Neil á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ni, kò tíì kọrin. Orin The Message ti Grandmaster Flash and the Furious Five ló mú un wù ú láti ṣe ráàpù, àmọ́ kò gbìyànjú láti ṣe ohùn Amẹ́ríkà, ohùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kàwé tó sì ń ṣọ́ àwọn èèyàn lójú pópó ló lò, ìyẹn ló mú kó dá yàtọ̀. Wọ́n fàyè sílẹ̀ nínú orin yẹn, wọn ò kó gbogbo nǹkan jọ sójú kan, téèyàn bá gbọ́ èyí tí wọ́n ṣe ní New York lẹ́yìn ẹ̀ á rí i pé ìlù ti àkọ́kọ́ le ju, ó ń gbá orin yẹn mọ́lẹ̀. Oṣù kẹwàá 1985 ni èyí tí a mọ̀ yìí jáde, ó ń rọra gòkè, ìgbà tó di oṣù kìíní 1986 ó ti gba nọ́ńbà 1 lára orin tó ń tà jù ní Ìlú Ọba, oṣù karùn-ún ọdún yẹn ó gba nọ́ńbà 1 ní Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá bọ́ sí ìgbà tí Neil fúnra ẹ̀ máa ń pè ní ìgbà tí ìjọba wà lọ́wọ́ àwọn, ìyẹn 1987 sí 1988. Ẹ gbọ́ bí àwọn orin yẹn ṣe ń tẹ̀lé ara wọn nínú síídì yìí, kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa fò kọjá. It's a Sin, tí Neil fi sọ ohun tí ojú ẹ̀ rí nílé ìwé ìjọ Àgùdà tó lọ ní Newcastle, bí wọ́n ṣe fi ẹ̀ṣẹ̀ dẹ́rù bà á láti kékeré, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní nọ́ńbà 1. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wúwo báyẹn o, wọ́n sì gbé e lé ìlù tó ń sáré, ààrá ń sán, ègbè ń ké lẹ́yìn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa jókòó. Lẹ́yìn ẹ̀ ni What Have I Done to Deserve This?, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Dusty Springfield, obìnrin tó ti gbajúmọ̀ láti ayé 1960 wá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé, tí àwọn ọmọ yìí ní òun nìkan làwọn fẹ́, àwọn dúró dè é títí ó fi wá. Nọ́ńbà 2 ló dé ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ó sì jí iṣẹ́ Dusty padà, wọ́n ṣe orin fún un lẹ́yìn ìgbà yẹn náà. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí já jẹ, wọ́n lọ wá àgbà tó ti ṣe é ṣáájú wọn, wọ́n sì fi í síwájú.

Always on My Mind, ètò tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n fi ń rántí ọdún kẹwàá tí Elvis Presley kú ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é ní 1987, wọ́n kàn fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà ni, ló bá di nọ́ńbà 1 ọdún Kérésì. Heart gba nọ́ńbà 1 ní 1988, òun ni ìkẹrin, òun náà ló kẹ́yìn títí di òní.

Nǹkan tó so gbogbo orin wọn pọ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ bó ṣe tò yìí ẹ máa rí i kedere, ni pé ẹsẹ̀ ń jó, ọkàn ń ronú. Rent jẹ́ orin ẹni tí olówó kan ń tọ́jú, tó ń ro ara ẹ̀ wò. Opportunities, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ń yin owó ni, àwọn méjì tí wọ́n ń lálàá owó òjijì láyé Margaret Thatcher ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn, tí èèyàn sì mọ̀ látinú ohùn wọn pé owó yẹn ò ní dé. Suburbia, ajá ń gbó nínú ẹ̀, fèrèsé ń fọ́. Èyí tó wà nínú àkójọ yìí ni èyí tí Julian Mendelsohn tún ṣe fún síńgùlù, ó gbòòrò, ó lágbára ju ti inú àwo Please lọ jìnnà. Nírú ibi báyìí SMASH wúlò ju kéèyàn lọ ra àwo kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ibì kan wà tí mo bá a jà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀. Nítorí pé síńgùlù ni wọ́n kó jọ, èyí tí wọ́n gé kúrú fún rédíò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Fún orin tó jẹ́ ti ijó, ìyẹn dùn mí. Ní 1988 wọ́n ṣe àwo kan, Introspective, orin mẹ́fà péré ló wà nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló gùn. Left to My Own Devices níbẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, Trevor Horn ló ṣe é, wọ́n kó ẹgbẹ́ onífáyólìnì rẹpẹtẹ jọ lórí ìlù house, irú orin ijó kílọ́ọ̀bù kan, Richard Niles ló to ohùn wọn. Nínú SMASH wọ́n ti gé e fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìdajì. It's Alright náà, tó jẹ́ orin house ti Sterling Void láti Chicago, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nínú Introspective, ibi yìí ó kúrú. Ó dà bí ìgbà tí onílù ń lù lọ́wọ́, tí alága ní kó dákẹ́ nígbà tí ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọn èèyàn lára. Orin ijó ní láti pẹ́ díẹ̀ kó tó ráyè wọ inú egungun, àwọn méjì yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Introspective. Torí náà ẹni tó bá ra SMASH, kó wá Introspective sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, àwo méjèèjì ló parí ara wọn.

Being Boring ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo 55 yìí, ẹ má bínú pé mo fẹ́ dúró lórí ẹ̀. Òpin 1990 ló jáde, nọ́ńbà 20 péré ló dé, ẹni tó bá ń fi nọ́ńbà wọn orin á ní ó já. Munich ni wọ́n ti ṣe é lọ́dọ̀ Harold Faltermeyer, pẹ̀lú àwọn synthesizer àtijọ́ tí ohùn wọn móoru. Ọ̀rẹ́ Neil kan láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àrùn éèdì pa, òun ló ń rántí. Ó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n wà ní ọmọdé tí wọ́n ń ṣe páàtì, ó bọ́ sí ìgbà tí wọ́n kúrò nílé, ó wá dé ìsinsìnyí tí àwọn kan ti wà, tí àwọn kan ò sí mọ́. Kò sunkún nínú ẹ̀. Ìlù ò dúró, ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n, ó kàn ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Láyé ìgbà yẹn àwọn tó ń jó sí orin wọn ní kílọ́ọ̀bù ní London àti New York ń sin àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá mọ̀yẹn tẹ́lẹ̀ á gbọ́ gbogbo àwọn orin 1987 sí 1993 lọ́nà mìíràn.

Go West náà wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Orin Village People ni tẹ́lẹ̀, ní 1992 ni Pet Shop Boys kọ́kọ́ kọ ọ́ níbi eré tí wọ́n fi ń kówó jọ nítorí éèdì ní kílọ́ọ̀bù Haçienda ní Manchester, Derek Jarman tó máa ń ṣe fídíò fún wọn ló ní kí wọ́n wá. Ọdún tó tẹ̀lé e ó di nọ́ńbà 2, ó wà nínú àwo Very, àwo kan ṣoṣo tó gba nọ́ńbà 1 fún wọn ní Ìlú Ọba látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀yin ará Arsenal, ẹ mọ ohùn orin yìí o, òun lẹ fi ń kọ 1-0 látìgbà tí George Graham jẹ́ kóòṣì yín.

Ẹ wá dúró fún Se a vida é, 1996. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìlù tó wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń wò ó pé ó jọ nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ò ṣìnà. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ṣeré káàkiri Látìn Amẹ́ríkà ní 1994, orin Olodum ni wọ́n mú, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sí. Olodum, ẹgbẹ́ onílù ti Salvador ní Bahia, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 ní Pelourinho, àwọn ọmọ ọmọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó rékọjá òkun, tó jẹ́ pé Olódùmarè ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ wọn. Nọ́ńbà 8 ni orin yẹn dé ní Ìlú Ọba. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tí mo bá dé ibẹ̀, inú mi ń dùn pé ìlù yẹn wà láàárín gbogbo kíbọ́ọ̀dù yìí, kò sì sọnù sáàárín wọn, òun ló ń gbé orin náà.

Láti 1999 sí 2003, ká sọ òótọ́, ó rọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń wá ọ̀nà, wọ́n ṣe eré orí ìtàgé, Closer to Heaven, ní 2001, wọ́n gbé gìtá wọnú orin ní 2002 nínú àwo Release, Johnny Marr bá wọn ta á. Home and Dry dùn létí, àmọ́ kì í ṣe torí gìtá lèèyàn ṣe wá sọ́dọ̀ Pet Shop Boys. Mo máa ń fo méjì mẹ́ta níbẹ̀. Fundamental ní 2006 dá wọn padà sọ́dọ̀ Trevor Horn, Minimal inú ẹ̀ dáa gan-an. Love etc. ní 2009, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Xenomania, àwọn tó máa ń bá àwọn olórin kọ orin tí wọ́n sì ń bá wọn ṣe é, ọdún yẹn náà ni wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ BRIT fún gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe fún orin.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni 2013. Wọ́n ti kúrò ní Parlophone nígbà yẹn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, x2, Neil ń lọ sí ọmọ ọgọ́ta ọdún, àwọn èèyàn ti ń retí orin àgbàlagbà, jẹ́jẹ́. Wọ́n bá lọ bá Stuart Price, ẹni tó ń bá àwọn olórin ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n ṣe àwo Electric. Vocal tó wà nínú ẹ̀, ẹ gbọ́ ọ, ẹ yí i sókè. Orin kílọ́ọ̀bù gidi ni, ó ń gòkè, ó ń gòkè, ó sì ń sọ nípa bó ṣe rí láti wà láàárín èrò níbi tí orin dídùn ti ń lọ. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, tóo bá sọ fún un pé àwọn tó ṣe West End Girls ló ṣe èyí lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó máa jiyàn. Àwọn ti Super ní 2016 àti Hotspot ní 2020, tí wọ́n ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀ ní sítúdíò Hansa ní Berlin, tẹ̀lé ọ̀nà kan náà, Stuart Price náà ló wà nídìí wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa Chris Lowe. Àwọn èèyàn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ó kàn ń dúró ni, fìlà lórí, jígí lójú, kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ gbọ́ bí kọ́ọ̀dù ṣe ń yí nínú Love Comes Quickly, kẹ́ ẹ sọ fún mi pé ẹni tó ń dúró lásán ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ń kọ orin, ìfẹ́ ijó tó wà nínú Chris ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Neil di ìwé kíkà.

Ní ti bí ohùn ṣe rí, wọ́n tún gbogbo orin náà fọ̀ mọ́, báàsì àwọn ti 1986 dún kedere ju bó ṣe wà nínú Discography mi lọ, kò sì pariwo jù tó fi máa dun etí. Ti rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́fà, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó dáa nílé ni kó rà á, torí yíyí ojú ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn fídíò, èyí tó ní Blu-ray ni kó mú, iṣẹ́ Derek Jarman lórí It's a Sin àti ti Bruce Weber lórí Being Boring nìkan tó ìdí. Ẹni tó bá ti ní PopArt, nǹkan bí orin 20 ni SMASH máa fi kún un, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ti 2006 síwájú, tówó ò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ ra Electric nìkan, ẹ fi kún ohun tẹ́ ẹ ní. Àwo Nonetheless tí wọ́n ṣe ní 2024 ò sí níbẹ̀ rárá, ẹ̀yìn àkójọ yìí ló jáde. Ẹni tí kò bá sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, síídì mẹ́ta yìí ni kó mú, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́, kó má fò ó.